Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Regla, ìlú etí omi Yemọja ní Kúbà

Bí ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín bá lọ gbafẹ́ ní Havana, ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún Regla. Lanchita, ọkọ̀ ojú omi kékeré, lẹ ó wọ̀ sọdá èbúté. Kì í pẹ́ rárá. Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà létí omi níbẹ̀. Ère Màríà inú rẹ̀ dúdú, ó gbé ọmọ funfun dání, ó wọ aṣọ búlúù. Nínú ère yìí làwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ti rí Yemọja, Yemayá sì ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí dòní. Orí ẹni á wú! 7 September lọjọ́ ọdún rẹ̀, èrò á sì kún fọ́fọ́. Bó bá jẹ́ ìsinmi lẹ ń wá, ẹ yan ọjọ́ mìíràn, kẹ́ ẹ lè ráyè tàkúrọ̀sọ.