Kí Ọmọ Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Tó Dáì Irun Yín

Ní Baruwa, lẹ́bàá Ìpájà, ní agbègbè Alímòṣọ́, a máa ń rí ṣọ́ọ̀bù onídìrí tí ọ̀gá àti àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni ní irun ṣíṣe. Bí iṣẹ́ bá ti ń yé ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, ó di dandan kí ó fi orí ènìyàn kọ́ bí a ti ń dáì irun. Owó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sábà tó ti ọ̀gá. Nítorí náà, ẹni tí ewú ń yọ lórí rẹ̀ lè gbà pé kí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ bá òun ṣe é.

Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹni tí kò rí orí ṣe lónìí kò lè di ọ̀gá lọ́la. Ṣùgbọ́n orí kì í ṣe aṣọ. Bí aró bá ba aṣọ jẹ́, a ó fi nulẹ̀. Bí ó bá wá ba orí jẹ́ ńkọ́?

Bí dáì ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn aláró ní Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo, ẹ mọ̀ pé aṣọ tí wọ́n yọ nínú ìkòkò aró ẹ̀lú kì í dúdú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọ̀ bí ewé ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i ni yóò tó di aró.

Dáì irun fara jọ èyí. Ohun kan tí a ń pè ní PPD wà nínú púpọ̀ nínú dáì dúdú. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè wọ inú irun. A ó pò ó mọ́ omi kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ hydrogen peroxide. Omi yìí ló ń ṣe iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń ṣe lára aṣọ. PPD á so mọ́ra nínú irun, á tóbi, á dúdú, kò sì ní lè jáde mọ́. Ìdí nìyẹn tí ọṣẹ kì í fi í fọ̀ ọ́ kúrò. Ní ọdún 1907 ni ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Eugène Schueller, ṣe irú dáì bẹ́ẹ̀ ní Paris. Ní 1909 ó dá ilé iṣẹ́ tí a mọ̀ sí L'Oréal lónìí sílẹ̀.

Ewu tó wà níbẹ̀

Irun kò ní ẹ̀mí, ṣùgbọ́n awọ orí ní. Ara àwọn kan kò gba PPD. Orí á máa yún wọn, ojú á wú, ipénpéjú á dí. Ó lè ṣòro fún ẹlòmíràn láti mí. Ohun tó ń tanni jẹ ni pé ó lè má ṣe ènìyàn nígbà àkọ́kọ́. Ẹni tó ti ń dáì irun fún ọdún mẹ́wàá lè bá a pàdé lónìí. Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ pé, "Mo ti ń lò ó tipẹ́, kò ṣe mí ní nǹkan kan."

Ẹ kíyè sí làálì pẹ̀lú. Làálì gidi máa ń pọ́n ni. Àwọn kan máa ń po PPD mọ́ èyí tí wọ́n ń pè ní làálì dúdú. Bí irú rẹ̀ bá ti bó yín lára rí, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi dáì dúdú kàn yín lórí.

Ohun tó yẹ kí a ṣe

1. Kí a kọ́kọ́ dán an wò. Kí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ fi díẹ̀ nínú dáì náà gan-an sí ẹ̀yìn etí yín, bí ìwé inú páálí ti wí. Ẹ dúró fún wákàtí 48, èyíinì ni ọjọ́ méjì gbáko. Bí ó bá yún yín tàbí tó pọ́n, ẹ má ṣe é mọ́.

2. Ẹ ka ara páálí. Ẹ ti mọ̀wé kà, ẹ lò ó! Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí dáì náà yóò bàjẹ́. Ẹ wo ìṣẹ́jú tí ó yẹ kí ó lò lórí.

3. Ẹ sọ òtítọ́ fún un. Bí egbò bá wà lórí yín, tàbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi rílásà na irun, ẹ jẹ́ kí ó di ìgbà mìíràn.

4. Kí ọ̀gá dúró tì í. Òun ni kó yẹ orí wò, òun ni kó sọ pé ó tó fọ̀.

5. Kí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ wá, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ọwọ́ tirẹ̀ ń kan dáì. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá bó, iṣẹ́ tó ń kọ́ lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

6. Ẹ má ṣe fi kan ìpéǹpéjú tàbí irun ojú rárá.

7. Ẹ bèèrè omi tí wọ́n fẹ́ fi fọ̀ ọ́. Láti àwọn ọdún 1990 ni epo bẹntiróòlù tó jò láti inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ ti ba omi kànga púpọ̀ jẹ́ ní Baruwa. Omi tó ń rùn bí epo kò yẹ fún orí, kò sì yẹ nítòsí iná.

Bí orí bá ń ta yín nígbà tí dáì wà níbẹ̀, ẹ má ṣe fara dà á nítorí ojú àánú. Kí wọ́n fi omi púpọ̀ ṣàn án kúrò lójú ẹsẹ̀. Bí ojú bá ń wú tàbí èémí bá ń ṣòro, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ kíákíá.

Àwọn ọ̀gá kan máa ń sọ pé ọjọ́ méjì ti pọ̀ jù, pé oníbàárà yóò lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó bá kọ́ láti dúró fún ọjọ́ méjì ti kọ́ ìdajì iṣẹ́ náà.

Ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí

1. Kí ló ń sọ aṣọ di aró lẹ́yìn tí a bá yọ ọ́ nínú ìkòkò?
2. Wákàtí mélòó ni a ó dúró lẹ́yìn tí a bá dán dáì wò?
3. Kí ni ẹ ó kà lára páálí dáì?
4. Kí ni ẹ ó ṣe bí ojú bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú?