RAM 8GB, Windows Ń Lo 3.25GB: Níbo Ni Ìyókù Wà?

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń rà ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà. O fi RAM 4GB méjì sí i, Windows wá ní bíi 3.25GB péré ló ṣeé lò. Má tíì náwó sí òmíràn o!

Kọ́kọ́ wọ BIOS. Bí o bá ṣe ń tan ẹ̀rọ, máa tẹ F2, F10 tàbí Delete. Eélòó ló kọ síbẹ̀?

Bó bá jẹ́ 8GB, RAM rẹ kọ́ ló ń ṣe. Wo "System type" nínú Windows. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 32-bit. Àdírẹ́sì tí 32-bit lè kà ò ju 4,294,967,296 lọ, ìyẹn 4GB, káàdì àwòrán àtàwọn ẹ̀yà mìíràn sì ń gbà lára rẹ̀. Bí processor rẹ bá gba 64-bit, kó fáìlì rẹ pamọ́ ná, kí o wá fi Windows 64-bit sí i.

Bó bá jẹ́ 4GB ni BIOS rí, eruku ọyẹ́ lè ti dí ihò RAM. Pa ẹ̀rọ, yọ wáyà iná, fọwọ́ kan irin ara àpótí rẹ̀. Yọ RAM, fi rọ́bà tí a fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ nu ẹnu rẹ̀ tó dà bíi góòlù, kí o tẹ̀ ẹ́ padà dáadáa. Kò yí padà? Dán wọn wò níkọ̀ọ̀kan nínú ihò kan náà: èyí tó bá kọ̀ ni kí o pààrọ̀. Bí méjèèjì bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n kọ̀ nínú ihò kejì, ihò yẹn ló bàjẹ́. RAM tuntun ò lè tún un ṣe.