Eré Àsápajúdé fún Kọ̀ǹpútà Tòkunbọ̀

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ ènìyàn a máa fẹ́ kí ohun kékeré ṣe iṣẹ́ ńlá. Ní ọdún 1998, ilé-iṣẹ́ Intel gbé Celeron 300A jáde, ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí kò wọ́n. Mọ́dábọ́ọ̀dù ni onílù, ọpọlọ ni oníjó. Ìlù náà tó bíi mílíọ̀nù 66 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Oníjó sì ń gbé ẹsẹ̀ ní ìgbà 4.5 sí ìlù kọ̀ọ̀kan, èyí tí í ṣe 300 MHz. Àwọn ọ̀jáfáfá sọ ìlù di mílíọ̀nù 100 lórí mọ́dábọ́ọ̀dù tí ó gbà á. Ọ̀pọ̀ ọpọlọ náà sì sáré dé 450 MHz.

Bí ọmọ Oòduà tí ń fi kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ jẹun ní ìlú Benin bá fẹ́ dán irú rẹ̀ wò, kí ó rántí pé ìlù kíkankíkan a máa mú oníjó làágùn. Nínú ooru ọ̀sán, fáànù tí eruku ti dí kò lè mú ọpọlọ tutù. Kọ̀ǹpútà lè kú lójijì, mọ́dábọ́ọ̀dù tí ó ti gbó sì lè bàjẹ́ pátápátá. Bí ìwé àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Benin ní Ugbowo bá bá a lọ, kí ni a ó wí fún un?

Nítorí náà, ẹ̀yin ará tí ẹ wà lẹ́yìn odi, ẹ kọ́kọ́ gbọn eruku, ẹ pààrọ̀ fáànù, kí ẹ sì fi kún mẹ́mọ́rì rẹ̀. Ẹni tí yóò fi kún eré, díẹ̀díẹ̀ ni kí ó máa ṣe é, kí ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ sì wà níbòmíràn. Oúnjẹ òòjọ́ kì í ṣe ohun tí à ń fi dánra wò.