Ìdẹ́kun Ìtànṣán Ìmọ́lẹ̀ Nínú Yíya Àwòrán Ohun Èlò Onídẹ fún Ìkọ́ni ní Àṣà Yorùbá

Ẹni tó bá ti fi fíláàṣì kámẹ́rà ya ẹdan Ògbóni rí yóò ti ṣe àkíyèsí pé àmì funfun kan a máa bo iwájú orí rẹ̀, tí ìlà tí asúdẹ fi sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò sì pòórá. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Bí olè bá sì gbé ohun èlò náà lọ́la, fọ́tò yìí lè jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo tó kù.

Ojú ohun tó ń dán dà bí dígí: bí igun tí ìmọ́lẹ̀ gbà dé bá ṣe tó ni igun tí yóò gbà padà ṣe máa tó. Fíláàṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kámẹ́rà, nítorí náà ibikíbi tí idẹ bá ti kọjú sí i gan-an ni yóò ti ta á padà. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò fiyè sí ni pé ohun tó yí idẹ ká ni idẹ ń fi hàn. Kì í ṣe pé kí a pa ìmọ́lẹ̀, bí kò ṣe pé kí a yan ohun tí idẹ yóò máa wò.

Kí a pa fíláàṣì, kí a gbé ohun èlò náà sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí oòrùn kò wọ̀ tààrà, kí a sì ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí fèrèsé náà. Aṣọ yìí ni yóò wá di orísun ìmọ́lẹ̀. Bí ó bá ṣe fẹ̀ tó, tó sì súnmọ́ idẹ tó, ni ìmọ́lẹ̀ yóò ṣe rọ̀ tó. Àmọ́ bí funfun bá yí idẹ ká pátápátá, ìlà ojú yóò tún parẹ́. Ẹ̀gbẹ́ kan ni kí ìmọ́lẹ̀ ti wá, kí páálí dúdú wà ní òdìkejì. Orí ẹdan rí roboto, ó sì ń rí gbogbo yàrá, títí kan ayàwòrán fúnra rẹ̀ (mo ti rí àwòrán tí ẹ̀wù funfun ayàwòrán hàn ketekete nínú rẹ̀!). Kí ó wọ aṣọ dúdú, kí ó sì gbé kámẹ́rà lé orí àpótí kí ó má baà mì.

Àwọn kan gbójú lé asẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí a ń pè ní póláráísà. Ó wúlò fún gíláàsì tó bo ohun èlò ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, pàápàá bí a bá dúró ní nǹkan bí ìwọ̀n 56 sí ìlà tó dúró ṣánṣán lórí gíláàsì náà. Lórí idẹ lásán, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣiṣẹ́, àyàfi tí a bá fi irú asẹ́ kan náà bo orísun ìmọ́lẹ̀.

Fífi páúdà pa idẹ kí dídán rẹ̀ lè dínkù kò tọ́ rárá. Àwọn kan nínú orí idẹ tí wọ́n hú ní Wúnmọníjẹ̀, Ilé-Ifẹ̀, ní 1938 ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ láti òkè ojú dé ìsàlẹ̀. Inú irú ìlà bẹ́ẹ̀ gan-an ni páúdà ń há sí.