Ìfagilé Ìgbéyàwó Lábẹ́ Òfin: Ohun Tó Jẹ́ àti Ohun Tí Kò Jẹ́

Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ tí a fi ń júwe ìtúká ìgbéyàwó kò wọ́n nínú èdè Yorùbá. A máa ń sọ pé ọkọ kọ aya, pé aya kọ ọkọ, pé wọ́n já ìwé ìkọ̀sílẹ̀ fún ara wọn. Ní ayé àtijọ́, ní àwọn apá ibì kan bí ilẹ̀ Ẹ̀gbá, obìnrin tí ilé ọkọ sú lè sá lọ sí ààfin kí ó dì mọ́ òpó ibẹ̀. Dìpómú ni wọ́n ń pe irú wọn. Gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ló gbà pé ìgbéyàwó ti wà kí ó tó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n òfin orílẹ̀-èdè yìí mọ ọ̀nà mìíràn: kí ilé-ẹjọ́ kéde pé ohun tí gbogbo ènìyàn pè ní ìgbéyàwó kì í ṣe ìgbéyàwó rárá, tàbí pé àbùkù tó wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní tó ohun tí a lè torí rẹ̀ pa á rẹ́. Ìfagilé ni a ó máa pe èyí nínú iṣẹ́ yìí. Olùkọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ fífa igi lé iṣẹ́.

Ohun tó mú wa kọ ọ́ kò jìnnà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ wa ló ti ní ọkọ tàbí aya, púpọ̀ nínú wọn ló sì gbà pé kóòtù ìbílẹ̀ lè tú ìgbéyàwó yòówù tí ó bá ti sú ènìyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀, àṣìṣe yìí sì máa ń ná ènìyàn ní ohun púpọ̀.

Ìgbéyàwó wo ni ọ̀rọ̀ náà kàn?

Òfin tó ń darí ìfagilé ni Òfin Ọ̀ràn Ìgbéyàwó ti ọdún 1970. Ìgbéyàwó tí a ṣe lábẹ́ Òfin Ìgbéyàwó nìkan ló bá wí, ìyẹn èyí tí a ṣe ní ọ́fíìsì akọ̀wé ìgbéyàwó tàbí ní ilé ìjọsìn tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ. Òfin náà yọ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ àti ti ẹ̀sìn Mùsùlùmí sílẹ̀ kedere. Kóòtù ìbílẹ̀ ló ń gbọ́ ẹjọ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀, ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ dídá owó orí padà ń lọ. Ti ìwé, ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ ni.

Ní ti ilé ìjọsìn, Adájọ́ Palmer sọ ọ́ ní ọdún 1963, nínú ẹjọ́ ìfagilé kan ní Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà, pé ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì lójú òfin, bí kò bá jẹ́ ìgbéyàwó ìwé, kì í ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n bá kan gbàdúrà lé tọkọtaya lórí láìsí ìwé láti ọ̀dọ̀ akọ̀wé ìgbéyàwó, ìdána tí wọ́n ṣe nílé ni òfin yóò wò.

Òfo àti alábùkù

Òfin náà pín ọ̀rọ̀ sí méjì. A ó pe ìkíní ní ìgbéyàwó òfo, a ó sì pe ìkejì ní ìgbéyàwó alábùkù.

Ìgbéyàwó òfo kò fìgbà kan wà. Ó jẹ́ bẹ́ẹ̀ bí ọ̀kan nínú wọn bá ti ní ọkọ tàbí aya mìíràn lọ́nà òfin. Bí wọ́n bá jẹ́ ìbátan tí kò gbọdọ̀ fẹ́ra. Bí wọn kò bá tẹ̀lé ìlànà tí òfin là sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ tipátipá tàbí ìtànjẹ ni a fi gba ìfọwọ́sí ẹnì kan, tàbí tí ó ṣi ẹni tí ó ń fẹ́ mú fún ẹlòmíràn. Tàbí bí ọjọ́ orí ẹnì kan kò bá tíì tó. Òfin 1970 kò sọ iye ọdún tí ó tó. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ló fi í sí ọdún 18, Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì wà lára àwọn tó ti sọ ọ́ di òfin tiwọn.

Lórí ìbátan, Yorùbá le ju òfin lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò kì í fẹ́ ara wọn nílé wa, ṣùgbọ́n àtẹ tó wà nínú òfin 1970 kò ka irú wọn mọ́ àwọn tó léèwọ̀. Ẹbí tó bá gbé èyí lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga yóò padà lọ́wọ́ òfo.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan la ìdí àkọ́kọ́ yẹn yé ara wa. Ká ní obìnrin kan ń gbé ní Ọ̀bà-Ilé, tó sì bá ọkùnrin kan ṣe ìgbéyàwó ìwé ní Akúrẹ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ó gbọ́ pé ọkùnrin náà ti dána ìyàwó kan ní ìlú Oǹdó tẹ́lẹ̀, kò sì kọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sọ pé ti Oǹdó ni kò lágbára nítorí pé kò ní ìwé. Òdì kejì ni òfin sọ. Òfin Ìgbéyàwó ní ìgbéyàwó ìwé kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí ọ̀kan nínú wọn bá ní ọkọ tàbí aya ìbílẹ̀ tí kì í ṣe ẹni tí wọ́n jọ wà níwájú akọ̀wé. Ti Akúrẹ́ ni òfo. Bí ó bá jẹ́ òfo, kí ló dé tí yóò tún lọ sí kóòtù? Nítorí pé orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ni, bí ó bá sì fẹ́ fẹ́ ẹlòmíràn, wọn yóò béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbéyàwó alábùkù yàtọ̀. Ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí ilé-ẹjọ́ yóò fi fagi lé e. Ìdí mẹ́rin ni òfin kà: kí ọ̀kan nínú wọn má lè ní ìbálòpọ̀; àrùn ọpọlọ tàbí wárápá tó ń padà wá; àrùn ìbálòpọ̀ tó lè ràn; àti kí ìyàwó ti lóyún fún ẹlòmíràn ní ọjọ́ ìgbéyàwó. Ẹni tó mọ iṣẹ́ alárenà yóò rí i pé ohun tí àwọn baba wa ń wádìí kí wọ́n tó gba iṣu ìdána kò jìnnà sí èyí. Àìrọ́mọbí kò sí nínú rẹ̀. Akúra lè jẹ́ ìdí, àgàn kì í ṣe ìdí.

Oṣù méjìlá

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ń bọ́ mọ́ àwọn ènìyàn lọ́wọ́. Fún àrùn ọpọlọ, àrùn ìbálòpọ̀ àti oyún ẹlòmíràn, olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun kò mọ̀ ní ọjọ́ ìgbéyàwó, pé òun pẹjọ́ láàárín oṣù 12 sí ọjọ́ náà, àti pé láti ìgbà tí òun ti mọ̀, òun kò fínnúfíndọ̀ bá ẹnì kejì lò pọ̀ mọ́. Ọjọ́ ìgbéyàwó ni a ń kà láti, kì í ṣe ọjọ́ tí àṣírí tú.

Ẹ wá wo bí àwa ṣe ń yanjú ọ̀rọ̀ nílé. Àgbà yóò ní kí a fi sùúrù ṣe é, pásítọ̀ yóò ní kí a gbàdúrà, wọn yóò ní kí tọkọtaya padà sínú yàrá kan náà. Nígbà tí ìpàdé ẹbí kẹta yóò fi parí, ọdún ti yí po, pípadà sínú yàrá náà sì ti di ẹ̀rí tako olùpẹ̀jọ́. Ìkọ̀sílẹ̀ ló kù fún un, ó sì gbọ́dọ̀ dúró títí ìgbéyàwó yóò fi pé ọdún méjì àyàfi bí ilé-ẹjọ́ bá yọ̀ǹda. A kò sọ pé kí ẹbí má dá sí i. Ohun tí à ń sọ ni pé kí wọ́n máa ka oṣù bí wọ́n ti ń dá sí i.

Ti àìlè ní ìbálòpọ̀ kò ní gbèdéke oṣù 12, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ ní láti rí i pé kò ṣe é wò sàn, ó sì lè kọ ẹ̀bẹ̀ náà bí olùpẹ̀jọ́ bá ti pẹ́ jù kó tó wá.

Ní kóòtù

Agbẹjọ́rò ni yóò kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, olùpẹ̀jọ́ yóò sì búra sí ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọn yóò fi ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó kún un, wọn yóò sì mú un dé ọwọ́ olùjẹ́jọ́. Ìjẹ́wọ́ olùjẹ́jọ́ nìkan kò tó. Adájọ́ ń fẹ́ ẹ̀rí. Fún ìgbéyàwó alábùkù, àṣẹ onígbà díẹ̀ ni adájọ́ máa ń kọ́kọ́ pa, ó sì máa ń di àṣepé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ ẹlòmíràn níṣu lọ́kà láàárín oṣù mẹ́ta náà ti tún dá òfo mìíràn sílẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Australia ni a ti rí àwòkọ òfin yìí, nínú òfin wọn ti 1959. Wọ́n ti yọ ìgbéyàwó alábùkù kúrò nínú tiwọn láti 1975, tiwa ṣì wà bí ó ṣe wà.

Ìjọ Àgùdà náà ní kóòtù tirẹ̀, Póòpù Francis sì mú ìlànà rẹ̀ rọrùn ní 2015 nípa yíyọ ìdájọ́ kejì tó jẹ́ dandan tẹ́lẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n ìwé láti ibẹ̀ kò yí nǹkan kan padà ní ilé-ẹjọ́ gíga, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ilé-ẹjọ́ gíga kò yí nǹkan kan padà lọ́dọ̀ Ìjọ.

Àwọn ọmọ àti orúkọ tí a ó máa pe ìyá wọn

Ìbẹ̀rù àwọn ọmọ ló ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró. Òfin 1970 sọ pé ìfagilé ìgbéyàwó alábùkù kò sọ ọmọ di ọmọ àlè. Ní ti òfo, abala 42 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 kò gbà kí a fi nǹkan kan du ọmọ nítorí irú ìbí tí a bí i. Ilé-ẹjọ́ sì lè pàṣẹ owó ìtọ́jú fún wọn bí ó ti ń fagi lé ìgbéyàwó náà.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ó jẹ́ ti ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa gan-an. Dálémosú ni àdúgbò yóò máa pe obìnrin náà bí ó bá padà sílé baba rẹ̀. Ìfagilé ìgbéyàwó alábùkù kì í padà sẹ́yìn: aya ni obìnrin náà jẹ́ títí di ọjọ́ tí àṣẹ fi di àṣepé, nítorí náà a lè máa jiyàn lórí orúkọ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ òfo, bí obìnrin Ọ̀bà-Ilé inú àpẹẹrẹ wa, kò ní ilé ọkọ tí ó fi sílẹ̀ lójú òfin, èdè wa kò sì tíì ní orúkọ fún un.