Ẹ Má Dúró De Ìtara Kí Ẹ Tó Dìde Lórí Ẹní

Ìlera ni oògùn ọrọ̀, ṣùgbọ́n ìnira kan wà tí kì í mú ibà wá, tí kì í mú ikọ́ wá, síbẹ̀ tí ó ń jẹ ènìyàn run díẹ̀díẹ̀. Òun ni ti ẹni tí ilẹ̀ mọ́ bá, tí kò sì rí ohun kan tí ó ń lé. Mo mọ̀ ọ́n, nítorí ó ti mú mi rí.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé ní Èkó, tí mo kó ẹrù mi padà wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, oṣù kan péré ni inú mi fi dùn. Lẹ́yìn náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó. Àwọn ọmọ ti ní ilé tiwọn, kò sì sí ọ̀gá tí yóò bi mí léèrè. Mo ní, “Bí mo bá ti mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe, n óò dìde.” Oṣù mẹ́rin kọjá, n kò mọ̀ ọ́n, n kò sì dìde. Oorun òru dá lójú mi, ọbẹ̀ kò dùn lẹ́nu mi mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ìyàwó mi kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá wọn, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun.

Àbúrò mi kan tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó là mí lóye. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yìn iṣẹ́ ni ìtara máa ń tọ̀.” Ó sọ fún mi nípa Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, tí ó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kan ní Arò, Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954. Àwọn tí ọkàn wọn ń ṣàìsàn ń gbé ní àwọn abúlé àyíká, ìbátan wọn wà pẹ̀lú wọn. Wọ́n ń gba oògùn, wọ́n sì ń bá àwọn àgbẹ̀ ṣiṣẹ́. Àbúrò mi ní, “Ẹni tí ń kọ ebè kò ní láti mọ ìparí ayé rẹ̀ kí ó tó kọ ti òwúrọ̀ yìí.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ ohun kékeré mẹ́ta sílẹ̀ ní alaalẹ́: kí n gbá ojúde, kí n fẹsẹ̀ rìn dé ọjà Òkè-Ajé, kí n yà kí ẹnì kan. Mo padà sínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ mi, ẹgbẹ́ àwa ojúgbà tí ẹ máa ń rí ní Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Wọ́n gbé ìwé owó ẹgbẹ́ lé mi lọ́wọ́. Títí di òní n kò rí ohun ńlá kan tí mo ń lépa, ṣùgbọ́n mo ń sùn, mo ń jẹun, èmi àti ìyàwó mi sì ń rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi nìyí. Èkínní, ẹ yan wákàtí kan tí ẹ óò máa jí, ẹ má yẹ̀ ẹ́. Èkejì, ẹ máa rìn: Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa lo ara tó ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, lọ́sẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ yín kan kan ẹlòmíràn, kí ẹnì kan lè bèèrè yín bí ẹ kò bá wá.

Ṣùgbọ́n bí ìbànújẹ́ bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tí oúnjẹ àti oorun kọ̀, ẹ má pe ara yín ní ọ̀lẹ. Ó lè jẹ́ àìsàn. Ẹ tọ dókítà lọ. Bí èrò ikú bá sì ń wá sọ́kàn, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá, ẹ sọ fún ará ilé, kí wọ́n sìn yín dé ilé ìwòsàn.

Lọ́la, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ ká ẹní. Ìyẹn náà, iṣẹ́ ni.