Ta Ló Sọ Ọ́? Ọ̀rọ̀ Lórí Kíkọ Àpilẹ̀kọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ó yẹ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá fi òwe yìí sọ́kàn nígbà tí a bá ń kọ àpilẹ̀kọ fún oyè B.A. Púpọ̀ nínú wa ló ń to orúkọ gbogbo ìwé tí a kà sẹ́yìn iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó fi odidi ìrọ̀lẹ́ kan sun ẹkún ìyàwó fún wa kì í ju ‘abẹ́nà ìmọ̀ kan’ lọ. Báwo ni ó ṣe yẹ kí á ṣe é?

Èkíní ni orí ọ̀rọ̀. ‘Ewì Alohùn Yorùbá’ fẹ̀ ju ohun tí ọdún kan lè gbé lọ. ‘Ìwúlò Ẹkún Ìyàwó ní Ìlú Ìsẹ́yìn’ ní ibi tí a ó lọ, ó ní ẹni tí a ó bi, ó sì ní ìbéèrè tí a ó dáhùn. Bí ìbéèrè náà bá ti yé wa, kí á pín iṣẹ́ sí orí-orí kí á tó gbéra.

Èkejì ni ilé-ìkàwé. Ẹni tó bá ti ka iṣẹ́ Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá (1966) àti ti Ọlátúndé Ọlátúnjí lórí ewì alohùn (1984) kò ní máa bi àgbàlagbà ní ohun tó ti wà nínú ìwé.

Ẹ̀kẹta ni lílọ bá àwọn apohùn. Kí á kí wọn bó ti yẹ, kí á sọ ohun tí a bá wá, kí á sì gba àṣẹ kí á tó tẹ ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tàbí fóònù. Ní tèmi, ìwé kékeré kan wà tí mo ń kọ nǹkan márùn-ún sí lójú ẹsẹ̀: orúkọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́, agboolé, àti ọjọ́ tí mo gba ohùn náà sílẹ̀. Bí a bá ń dà á kọ, kí á má fi Yorùbá àjùmọ̀lò pa ẹ̀ka-èdè wọn rẹ́. Kí á sì tọ́jú gbogbo àkọsílẹ̀ wa. Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí a fi ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba fún títẹ̀ sọnù. Àwọn àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀ ni àbúrò rẹ̀, Obadiah, fi tún un kọ, tí ìwé náà fi jáde ní 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́.

Ẹ̀kẹrin ni ìtọ́ka. Johnson yìí kan náà dárúkọ àwọn tó sọ ìtàn fún un nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ, wà lára wọn. Bí a ti ń kọ orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún àti ojú-ìwé, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí á kọ orúkọ apohùn, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ tó bá wa sọ̀rọ̀, àyàfi bí òun fúnra rẹ̀ bá ní kí á má dárúkọ òun. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì yóò lè lọ wádìí, ọ̀rọ̀ àgbà kò sì ní di tiwa lọ́nà èrú.

Kí ìwádìí mìíràn tó tún dé agboolé yẹn, ìyá náà lè má sí mọ́. Ó lè jẹ́ inú àpilẹ̀kọ wa nìkan ni orúkọ rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ yóò ti máa wà pọ̀. Ẹ jẹ́ kí á dárúkọ wọn.